Ìwé Wimbledon Bàbá Tíṣà

Bátìrì mẹ́rin ni rédíò Bàbá Tíṣà ń jẹ. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1980, láti àárọ̀ ni a ti sá bátìrì náà sórí páànù bí ẹni sá ata, nítorí kò sówó àtira tuntun nílẹ̀, oòrùn a sì máa jí èyí tó bá ti rẹ̀ díẹ̀. Ara la wà, nítòsí Ẹdẹ. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń pè é nígbà náà, torí ọdún 1991 ni wọ́n tó gé Ọ̀ṣun kúrò lára rẹ̀. Àwa ọmọdé mẹ́fà tàbí méje jókòó sórí pápá sìmẹ́ǹtì tí àwọn àgbàlagbà máa ń sá kòkó sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Wimbledon la fẹ́ gbọ́.

Kí ni ti ọmọ ìlú oníkòkó nínú eré tí àwọn òyìnbó ń fi aṣọ funfun ṣe lórí koríko? Bàbá Tíṣà ni. Kì í ṣe ìbátan mi, ṣùgbọ́n kò sí ọmọkùnrin àdúgbò wa tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún un bí ẹni ń kí bàbá tó bí i. Ọdún 1961 ló wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kàwé. Lóru, a máa to lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́. Tílẹ̀ bá mọ́, á lọ sílé ìwé. Nígbà yẹn, ilé tí wọ́n máa fún aláwọ̀ dúdú gbé ṣọ̀wọ́n, yàrá kan ṣoṣo tó rí sì wà ní Southfields, níbi téèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn dé pápá Wimbledon. Ó sọ fún wa pé nígbà tí òun kọ́kọ́ rí i tí àwọn èèyàn tò gbọọrọ lójú títì láti ìdájí, òun rò pé wọ́n ń pín nǹkan ni. Lòun náà bá tò.

Ó wà níbẹ̀ lọ́dún 1967 tí John Newcombe, ọmọ Ọsirélíà, gba ife. Ó wà níbẹ̀ lọ́dún 1968, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbà fún àwọn tó ń fi tẹ́níìsì jẹun láti bá àwọn tí kì í gbowó díje. Kò sí ìtàn tó fẹ́ràn tó ti Rod Laver lọ́dún náà. Laver ti gba ife ní 1961 àti 1962, lẹ́yìn náà ló wá ń gbowó lórí eré náà, wọ́n bá tì í mọ́ta fún ọdún márùn-ún gbáko. Ọdún tí wọ́n ṣílẹ̀kùn náà ló wọlé, ló gba ife rẹ̀ padà. Bàbá Tíṣà á ní, “Ẹ rí i bí? Kò bá wọn jà. Kò bẹ̀ wọ́n. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ níta títí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn.”

Nígbà tó fi máa padà sí Ara, ohun mẹ́ta ló kó dé tí àwa ọmọdé kà sí: rédíò náà, rákẹ́ẹ̀tì onígi kan tó máa ń wà nínú férémù oníbóòtù kó má baà wọ́, àti ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan. Ó ti fa ìlà sí ìwé náà bíi rẹ́jísítà. Àyè kìíní jẹ́ ti ọdún, ìkejì ti ọkùnrin tó borí, ìkẹta ti obìnrin. Lókè àyè kẹrin, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ síbẹ̀: Àwa.

Ìwé yẹn ni mo fi mọ ìtàn Wimbledon. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, pẹ̀lú Spencer Gore. Ọkùnrin 22 ló díje lọ́dún náà, nǹkan bí 200 èèyàn ló sì san ṣílè kọ̀ọ̀kan láti wo àṣekágbá. Róólà tí ẹṣin ń fà, èyí tí ẹgbẹ́ náà fi ń tẹ koríko wọn kó lè tẹ́jú, ló bàjẹ́. Owó àtúnṣe rẹ̀ ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi pe ìdíje. “Ìkórè ni wọ́n ṣe,” Bàbá Tíṣà á wí, “bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an.” Ó wù mí láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ọba kọ́ ló dá a sílẹ̀, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ tí owó wọn ò tó ni.

Lẹ́yìn Gore, ní ọdún mélòó kan, ni àwọn ìbejì dé. William àti Ernest Renshaw ni orúkọ wọn. William gba ife náà nígbà méje: láti 1881 dé 1886, àti 1889. Ernest gbà á lẹ́ẹ̀kan, ní 1888. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìbejì méjèèjì pàdé ara wọn níbi àṣekágbá, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni William sì na èkejì rẹ̀. Ìyá mi àgbà, tí kò tíì rí rákẹ́ẹ̀tì rí àfi ti Bàbá Tíṣà, ń pa ẹ̀gúsí nítòsí ibi tí a ti ń ka èyí. Ó gbójú sókè. Kò bèèrè iye ayò. Ó ní, “Èwo nínú wọn ni Kẹ́hìndé?” Bàbá Tíṣà ní ìwé òyìnbó kì í sọ ìyẹn. Ìyá àgbà ní ìwé náà kò pé nìyẹn, torí bí Táyé bá lè na Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mẹta lójú àwùjọ, ó yẹ kéèyàn mọ ohun tí ìyá wọn sọ nígbà tí wọ́n délé.

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í díje ní 1884, Maud Watson ló kọ́kọ́ borí. Ní 1887, Lottie Dod gba ife nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó sì tún gbà á ní ìgbà mẹ́rin mìíràn. 1905 ni ti May Sutton láti Amẹ́ríkà, àlejò àkọ́kọ́ tó gba ife lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, Norman Brookes ti Ọsirélíà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Ní 1922, wọ́n kó kúrò ní Worple Road lọ sí Church Road, níbi tí wọ́n wà dòní. Fred Perry, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbà á ní 1934, 1935 àti 1936, lẹ́yìn náà àyè kejì nínú ìwé náà kò rí orúkọ ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì mọ́ rárá. Ìyẹn máa ń yà wá lẹ́nu. Àwọn ló ni ilé, àwọn ló ni koríko, àlejò ló ń kó ife lọ lọ́dọọdún.

Ibi méjì ni ìwé náà ṣófo sí: 1915 dé 1918, àti 1940 dé 1945. Yíǹkì pupa ni Bàbá Tíṣà fi fa ìlà síbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1940, bọ́ǹbù já lu pápá àárín gbùngbùn, ó sì ba ìjókòó 1,200 jẹ́. Àwọn ọdún kan náà ni wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa lọ sí ogun Bọ́mà. Mo rántí àgbàlagbà kan ládùúgbò tó lọ tó bọ̀. Nígbàkígbà tí a bá ṣí ìwé dé ibẹ̀, ó máa ń béèrè pé kí la ń wò.

Àyè tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ìkẹrin. Ọgọ́rin ọdún ló ṣófo, funfun báláú, títí dé 1957. Níbẹ̀ ni Bàbá Tíṣà kọ Althea Gibson sí, ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó borí ní Wimbledon. Ọbabìnrin Elizabeth fúnra rẹ̀ ló gbé àwo ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́. Ọbabìnrin yẹn náà ni àwọn ìyá wa lọ wò ní Ìbàdàn lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tó wá kí wa ní 1956, nítorí náà, nígbà tí a bá kà á dé ibẹ̀, ó máa ń jọ pé a mọ ẹnì kan nínú ìtàn náà. Gibson tún gbà á ní 1958. Àyè náà sì tún ṣófo fún ọdún mẹ́rìndínlógún.

Orúkọ tó tẹ̀ lé e ni Arthur Ashe, 1975, ọdún tí Tìmì Láoyè, ọba onílù, wàjà ní Ẹdẹ. Ashe na Jimmy Connors, 6-1, 6-1, 5-7, 6-4, nígbà tó jẹ́ pé Connors ni gbogbo ayé gbà pé yóò borí. Èyí tó so mọ́ tiwa wà nínú bébà ìwé ìròyìn tí Bàbá Tíṣà gé lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Oṣù kejì ọdún 1976, Ashe wá sí Èkó láti gbá bọ́ọ̀lù ní ẹgbẹ́ tẹ́níìsì tó wà ní Onikan. Lọ́sẹ̀ náà ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Ashe àti Jeff Borowiak wà lórí pápá nígbà tí àwọn sójà já wọlé, orílẹ̀-èdè ṣì ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n dá eré dúró, wọ́n sì kọ ẹnu ìbọn sẹ́yìn Ashe kó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ni ife Wimbledon lọ́wọ́ lọ́dún yẹn! Bàbá Tíṣà kì í ka ìyẹn sókè. Ó máa ń fi ìka bò ó, á sì ṣí ojú ewé tó kàn.

Pápá kòkó ni Wimbledon tiwa. Tí kòkó bá ti gbẹ tí wọ́n ti kó o nílẹ̀, a ó gbálẹ̀, a ó ta okùn, a ó so àpò kòkó tí a ti là mọ́ ọn. Rákẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ pátákó tí káfíńtà gé kù. Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì gidi kan ṣoṣo la ní, irun ara rẹ̀ sì ti re tán. Bàbá Tíṣà ní lórí koríko, bọ́ọ̀lù kì í fò sókè bíi tiwa. Ńṣe ló máa ń yọ̀ lọ bí ẹja, kéèyàn tó tẹ̀ ó ti kọjá. Òfin rẹ̀ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: aṣọ funfun. Òfin Wimbledon ni. Aṣọ funfun wo la ní bí kò ṣe èyí tí a fi ń kírun Jímọ̀ tàbí èyí tí a fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ̀gba tí mo jẹ nítorí búbá funfun tí mo fi gba kòkó tútù mọ́ra, mi ò lè kà á tán.

Lọ́dún 1980 tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí lé lórí, àríyànjiyàn ti wáyé kó tó di Sátidé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, Evonne Goolagong Cawley, ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, na Chris Evert. Ó ti gbà á rí ní 1971, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, abiyamọ ni. Láti 1914, kò sí ìyá ọmọ tó gba ife náà. Ṣé kí wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ Àwa? Bàbá Tíṣà ní Ọsirélíà jìnnà sí wa. Ìyá mi àgbà ní abiyamọ tó fi ọmọ sílé lọ jà tó sì borí, ta ni kò ní pè é ní tiwa? Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì padà lọ kọ ti 1971 pẹ̀lú.

Nínú oṣù keje, aago Lọ́ńdọ̀nù máa ń bá tiwa dọ́gba. Aago méjì ọ̀sán ni Björn Borg àti John McEnroe bọ́ sórí pápá. Borg, ọmọ Swídìn, ti gba ife mẹ́rin tẹ̀léra. McEnroe gba sẹ́ẹ̀tì kìíní, Borg gba ìkejì àti ìkẹta. Ní ìkẹrin ni wọ́n wọ táíbíréèkì. Ẹni tó kọ́kọ́ ní ayò méje, tó sì fi méjì ju èkejì lọ, ló ni ín. Méje kọjá. Mẹ́wàá kọjá. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni Borg nílò ayò kan péré nínú táíbíréèkì yẹn kó lè gba ife, ẹ̀ẹ̀márààrún ni McEnroe gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rédíò náà yára ju etí wa lọ, nítorí náà Bàbá Tíṣà ló ń fi ìka ka ayò fún wa, nígbà tí ìka rẹ̀ tán, ó fi tiwa kún un. 18-16 ni McEnroe fi gbà á. Kò pẹ́ sí sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, ohùn rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ó ń lọ tíín-tín, ó sì dákẹ́.

Èmi ni wọ́n rán. Mo di owó mọ́wọ́, mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bátìrì, àsìkò ìrun Alásárì ni mo bá níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo rò pé kí n ké pe oníṣọ́ọ̀bù, ojú sì tì mí. Mo dúró. Gbogbo rákà tí wọ́n kí, mo ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sókè. Nígbà tí mo sáré padà tí a ki bátìrì bọ rédíò, ariwo àtẹ́wọ́ ló kọ́kọ́ jáde. A kò mọ ti ta ni. A dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí ọkùnrin inú rédíò fi pe orúkọ: Borg, 8-6. Ife karùn-ún. Bàbá Tíṣà kọ ọ́ sínú ìwé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọdún ìbò ni 1983, òṣèlú ló gba gbogbo rédíò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí ìròyìn ńlá kan ré wa kọjá. Ní oṣù kẹfà, Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Èkó, pàdé Guillermo Vilas ti Ajẹntínà ní ìpele àkọ́kọ́. Ipò kẹrin ni wọ́n to Vilas sí nínú gbogbo àwọn tó wá. Odizor pàdánù sẹ́ẹ̀tì kìíní, ó pàdánù ìkejì. Lẹ́yìn náà ló gba mẹ́ta tẹ̀léra: 7-6, 7-5, 6-2. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìpele kẹrin, kí Chris Lewis tó dá a dúró. Lewis yìí náà ló dé àṣekágbá tí McEnroe sì nà án.

Ní ọjà Ẹdẹ, Bàbá Tíṣà mú mi lọ bá ọkùnrin Ìgbò kan tó ń ta pátì mọ́tò, ó ní kó bá wa túmọ̀ orúkọ ọmọ náà. Ọkùnrin náà nu ọwọ́ epo rẹ̀, ó ní ìwàláàyè ló ṣe pàtàkì jù. Pé kéèyàn ṣì wà láàyè, ó ju ọrọ̀ lọ, ìyẹn ni Nduka. Bàbá Tíṣà ní Yorùbá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì ra pílọ́ọ̀gì tí kò nílò. Lóru ọjọ́ yẹn ló rú òfin ìwé rẹ̀. Àwọn tó borí nìkan ni ìwé náà wà fún, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ síbẹ̀, gàdàgbà: 1983, Odizor, ìpele kẹrin.

Ó tún sọ nǹkan mìíràn fún mi lójú ọ̀nà. Ó ní Odizor kì í ṣe ọmọ olówó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan ló rí i, tó sì ràn án lọ́wọ́ dé Yunifásítì Houston. Ó ní, “Ṣé o rí i, ẹnì kan ló wò ó.”

Boris Becker ni tẹlifísọ̀n kọ́kọ́ fi hàn mí, 1985, ní Ẹdẹ, nílé ọ̀rẹ́ kan, àwa tó lé ní ogún nínú pálọ̀ kan. Ọmọ ọdún 17 ni Becker, mo fi ọdún kan kéré sí i. Bó ṣe ń ju ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí koríko láti mú bọ́ọ̀lù, a lọ dán an wò lórí sìmẹ́ǹtì. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní ìgúnpá mi.

Ọwọ́ Bàbá Tíṣà kẹ́yìn sí 1993: Pete Sampras, Steffi Graf. Ìbò June 12 ni wọ́n fagi lé lọ́dún yẹn, epo kò sí, ìlú dàrú, ó sì tún jókòó ti rédíò. Nígbà tó kú ní ìparí ọdún náà, àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé náà tọ́ sí mi. Láti 1994 ni ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Mo kọ ife méje Sampras tán, mo kọ mẹ́jọ Roger Federer. Ní 2013, mo kọ Andy Murray, ọkùnrin ará Bìrìtéènì àkọ́kọ́ láti ìgbà Perry, ọdún 77. Nínú Àwa, mo kọ Venus Williams nígbà márùn-ún, Serena nígbà méje. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí pàdé níbi àṣekágbá, àbúrò sì borí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá mi àgbà ì bá ní ìbéèrè láti bi wọ́n.

Mo dé Wimbledon ní 2011. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Southfields, mo fẹsẹ̀ rìn bí ó ṣe ń rìn. Milímítà mẹ́jọ ni wọ́n ń gé koríko náà kù sí. Nínú ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé wọn, mo dúró níwájú ife àwọn ọkùnrin, mo sì rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa rí: ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló wà lórí ìdérí rẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó gidi tí wọ́n fi fàdákà oníwúrà mọ. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ara. Mo sunkún níbẹ̀.

Ní 2023, Michael Mmoh na Félix Auger-Aliassime, tí wọ́n tò sí ipò kọkànlá, ní ìpele àkọ́kọ́. Amẹ́ríkà ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Tony Mmoh, ló bá Odizor ṣojú Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì Seoul ní 1988. Mo ronú kan Bàbá Tíṣà, mo kọ ọ́ sí Àwa. Ní 2025, mo kọ Jannik Sinner àti Iga Świątek. Ewé mọ́kànlá ló kù nínú ìwé náà.

Pápá sìmẹ́ǹtì yẹn ṣì wà, ó ti sán lójú méjì, àwọn ọmọdé sì ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lórí rẹ̀. Ọdún tó kọjá, mo gbé rákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin àti bọ́ọ̀lù méjìlá lọ fún wọn, kí n tó padà lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan ti ń fi ọwọ́ òsì gbá a mọ́ ògiri, kò fẹ́ dáwọ́ dúró. Rákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin kò tó wọn. Ẹ̀yin tí rákẹ́ẹ̀tì yín ti wà lókè àjà láti ọdún yìí wá, ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ sì gbé e fún ọmọ kan ládùúgbò tí wọ́n ti bí yín.